Ariwo Ìbọn Nínú Igbó Ìjẹ̀bú: Ìdí Tí Òfin Fi Ń Ṣọ́ Ọ

Bí ìbọn bá dún lóru nínú igbó tí ó yí Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgó-Ìwòyè ká, kì í ṣe ẹran nìkan ni ó ń gbọ́ ọ. Àgbẹ̀ tí ó sùn sí abà yóò mọ̀ pé ọdẹ wà nítòsí, yóò sì jókòó sínú ilé. Ọdẹ kejì yóò mọ ìhà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà, kò sì ní yìnbọn sí ìhà náà. Ẹ̀ṣọ́ igbó ọba yóò mọ ibi tí yóò kọrí sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní àwọn oko tí ó wà lẹ́bàá omi ní Ogun Waterside. Ìròhìn ni ariwo ìbọn jẹ́ fún gbogbo ẹni tí ó wà nínú igbó.

Ṣùgbọ́n ariwo kan náà ni ó ń ba etí ọdẹ jẹ́. Nítorí èyí ni àríyànjiyàn fi wà ní òkè òkun lórí ohun èlò kan tí a ń so mọ́ ẹnu ìbọn láti dín ariwo rẹ̀ kù, èyí tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí sáílẹ́ńsà. Àwọn kan ń fẹ́ kí òfin tí ó dè é dẹ̀ díẹ̀. Àwọn mìíràn ní kí ó wà bí ó ti wà. Ó tọ́ kí ará ìlú mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ kí ó tó gbè sí ìhà kan.

BÍ Ó TI Ń ṢIṢẸ́

Nígbà tí ẹ̀tù bá gbiná nínú ìbọn, atẹ́gùn gbígbóná a tẹ̀lé ọta jáde lójijì. Òun ni ó ń fa ìdún ńlá náà. Ọ̀pá onírin tí inú rẹ̀ pín sí yàrá yàrá ni sáílẹ́ńsà. Atẹ́gùn náà yóò máa ti inú yàrá kan bọ́ sí èkejì, agbára rẹ̀ yóò sì dín kí ó tó jáde.

Désíbẹ̀lì ni àwọn onímọ̀ fi ń wọn ariwo. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn méjì ń bá ara wọn sọ jẹ́ nǹkan bí 60. Ìdún ìbọn a máa ju 140 lọ, ẹyọ kan péré tí ó bá sì tó bẹ́ẹ̀ lè ba etí jẹ́ títí láé. Sáílẹ́ńsà tí ó dára lè mú nǹkan bí 20 sí 35 kúrò nínú rẹ̀. Nítorí náà, kò sọ ìbọn di odi bí sinimá ti ń fi hàn. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ìdún náà kì í lọ jìnnà mọ́, ó sì máa ń ṣòro fún ẹni tí ó gbọ́ ọ láti mọ ibi tí ó ti wá.

OHUN TÍ WỌ́N ṢE NÍ ÒKÈ ÒKUN

Hiram Percy Maxim, ará Amẹ́ríkà, ni ó gba ìwé ẹ̀tọ́ olùdásílẹ̀ lórí sáílẹ́ńsà ní ọdún 1909. Orúkọ ìdílé yìí kò ṣàjèjì sí Ìjẹ̀bú. Bàbá rẹ̀, Hiram Stevens Maxim, ni ó ṣe ìbọn tí ń rọ̀jò ọta, irú èyí tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbé wá bá àwọn Ìjẹ̀bú jà ní Ìmàgbọn ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892.

Òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1934 fi owó-orí dọ́là 200 lé sáílẹ́ńsà, owó ńlá ní ìgbà náà, ó sì pàṣẹ ìforúkọsílẹ̀. Òfin tí a fọwọ́ sí ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 2025 sọ owó-orí náà di òfo láti ọjọ́ kìíní ọdún 2026, ṣùgbọ́n kò mú ìforúkọsílẹ̀ kúrò. Ní Norway, àwọn ọdẹ ń lo sáílẹ́ńsà ní gbangba, nítorí etí ara wọn àti nítorí àlàáfíà aládùúgbò.

ÒFIN NÀÌJÍRÍÀ

Ní Nàìjíríà, ìbọn fúnra rẹ̀ ni àríyànjiyàn dá lé lórí. Ní ọdún 1890, àwọn ìjọba tí ó pàdé ní Brussels fohùn ṣọ̀kan láti dí ọ̀nà ìbọn ìgbàlódé sí apá ńlá nínú ilẹ̀ Áfíríkà, wọ́n sì fi ọwọ́ tí ó rọ̀ díẹ̀ mú ìbọn àtijọ́. Irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣì hàn nínú Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 tí ó wà títí di òní. Ó pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ìpín kìíní ni ìbọn ológun àti ìbọn ìléwọ́. Ààrẹ nìkan ni ó lè yọ̀ǹda wọn, ẹni tí a bá sì ká wọn mọ́ lọ́wọ́ láìgba àṣẹ kò ní ṣe ẹ̀wọ̀n tí ó dín ní ọdún 10. Ìpín kejì ni ìbọn ọdẹ ti ìgbàlódé, tí Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá ń fún ni ní ìwé àṣẹ rẹ̀. Ìpín kẹta ni ṣakabùlà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí a ń ti ẹnu ki. Àwọn náà ní ìwé àṣẹ tiwọn. A kò gbọ́dọ̀ fi ìwé àṣẹ fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 17, ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáradára, tàbí ọ̀mùtí.

Ìjínigbé ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa béèrè pé kí òfin yìí dẹ̀. Nígbà tí a dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní oṣù Kìíní ọdún 2020, ọ̀rọ̀ irú ìbọn tí wọn yóò máa gbé jẹ yọ. Lẹ́yìn tí àwọn apànìyàn kọlu ìjọ Kátólíìkì kan ní Ọ̀wọ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022, Olóògbé Rotimi Akeredolu, Gómìnà Ìpínlẹ̀ Òndó nígbà náà, béèrè ìbọn tí ó lágbára fún wọn. Ìjọba àpapọ̀ kò gbà. Ìwé Òfin Ilẹ̀ ti ọdún 1999 fi ọ̀rọ̀ ohun ìjà sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan. Nítorí náà, Ilé Aṣòfin tí ó wà ní Abẹ́òkúta kò lè dẹ òfin ìbọn, kò sì lè mú un le.

OHUN TÍ Ó KAN ỌDẸ ÌJẸ̀BÚ

Bí Àbújá bá tilẹ̀ fi àyè gba sáílẹ́ńsà lọ́la, ọ̀pọ̀ ọdẹ Ìjẹ̀bú kò ní rí i lò. Ẹ̀tù dúdú tí a ń kì sínú ṣakabùlà yóò fi èédú dí yàrá inú rẹ̀ kíákíá, ọta tí ó fọ́n káàkiri yóò sì máa gbá irin inú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, iná àti ariwo kan tún ń jáde ní ẹ̀gbẹ́ ojú ọdẹ níbi tí a ti ń tan ẹ̀tù. Ẹni tí sáílẹ́ńsà yóò wúlò fún ni ẹni tí ó ní ìbọn olówó ńlá.

Àwọn àgbà a máa sọ pé etí tí kò gbọ́ yìnkìn, inú kì í bà jẹ́. Nínú igbó, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Erin ṣì wà nínú igbó ọba Omo, ẹni tí ó fẹ́ pa á kò sì fẹ́ kí ẹ̀ṣọ́ gbọ́. Ajínigbé náà kò fẹ́ kí ará abà mọ ìhà tí ó wà.

Síbẹ̀, etí ọdẹ kì í ṣe ohun tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Rọ́bà rírọ̀ tí a ń fi dí ihò etí kò wọ́n, bí a bá sì fi í sí i dáradára, ó lè dín ariwo kù tó bí sáílẹ́ńsà ti ń dín in kù, láìfi ìró ìbọn pamọ́ fún ẹlòmíràn. Òótọ́ ni pé ọdẹ nílò etí rẹ̀ láti gbọ́ ìrìn ẹran lóru. Ṣùgbọ́n ó lè lò ó nígbà tí ó bá ń dán ìbọn wò, tàbí nígbà tí ẹgbẹ́ ọdẹ bá ń yìnbọn níbi ìsìnkú àti ọdún. Ẹni tí etí rẹ̀ bá ń hó lẹ́yìn ìdún ìbọn, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn láìpẹ́.

Kí ọdẹ gbogbo rí i pé ìwé àṣẹ ìbọn wọn pé, kí alágbẹ̀dẹ má sì ṣe rọ ìbọn tàbí so ohunkóhun mọ́ ẹnu rẹ̀ láìgba àṣẹ. Ẹni tí ohunkóhun kò bá yé nínú òfin yìí, kí ó béèrè ní àgọ́ ọlọ́pàá tí ó súnmọ́ ọn jù lọ kí ó tó gbé ìbọn wọ igbó.