Kí ẹ tó kó lọ sí ìpínlẹ̀ tí Sharia ti le: ta ni òfin náà máa bá nínú ilé yín?

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, aládùúgbò mi kan tó ń ta táyà àlòkù wọlé sí ṣọ́ọ̀bù mi ní ọjà Kakuri. Ó jókòó, kò ra nǹkan kan. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ kó kúrò níbí o. Kano ni mò ń lọ." Mo bi í pé kí ló dé, ṣé ọjà ò tà ni? Ó ní ọjà ń tà díẹ̀díẹ̀, pé ọ̀rọ̀ ọmọ ni. Ọmọkùnrin rẹ̀ ti pé ọdún mẹ́rìnlá, ilé tí wọ́n ń gbé sì wà láàárín ilé ọtí méjì. Orin ni lálaalẹ́, ọmọ náà sì ti ń pẹ́ níta. Ó ní òun fẹ́ ibi tí òfin á ti bá òun tọ́ ọmọ.

Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi náà bímọ. Ṣùgbọ́n mo mọ ìyàwó rẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ìjọ Onítẹ̀bọmi ló ń lọ kí wọ́n tó fẹ́ra, ibẹ̀ náà ló ṣì ń lọ. Ọmọbìnrin wọn ń bá ìyá rẹ̀ lọ, ọmọkùnrin ń bá bàbá lọ mọ́ṣáláṣí. Irú ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀ láàárín àwa Yorùbá, kò sí ẹni tí kò mọ ọ̀kan. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń kọ èyí. Àwọn kan wà tó ń wá ìpínlẹ̀ tí ẹ̀sìn ti múlẹ̀, àwọn kan sì wà tí ilé iṣẹ́ wọn gbé lọ sí Sokoto tàbí Katsina tí àyà wọn ń já. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn máa ń bi mí: "Ṣé Sharia ibẹ̀ le?" Ìbéèrè yẹn kò tó. Ẹ bèèrè pé ta ni ó máa le mọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìpínlẹ̀ méjìlá ló ní òfin Sharia lórí ọ̀rọ̀ ọ̀daràn: Zamfara, Kano, Sokoto, Katsina, Kebbi, Jigawa, Bauchi, Gombe, Borno, Yobe, Niger àti Kaduna. Bẹ́ẹ̀ ni, Kaduna wà níbẹ̀. Zamfara ló bẹ̀rẹ̀, lábẹ́ Gómìnà Ahmad Sani Yerima, ní oṣù kẹwàá ọdún 1999, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2000. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé kì í ṣe ọdún yẹn ni Sharia dé òkè Ọya. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ilé ẹjọ́ ibí ti ń fi Sharia dá ẹjọ́ ìgbéyàwó, ìkọ̀sílẹ̀ àti ogún fún Mùsùlùmí. Ọ̀rọ̀ olè, àgbèrè, ọtí àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún un.

Ìwé òfin Nàìjíríà ṣì wà lórí gbogbo rẹ̀. Abala 10 ní ìpínlẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ sọ ẹ̀sìn kan di ẹ̀sìn ìjọba. Abala 38 fún yín ní òmìnira ẹ̀sìn, abala 41 ní ẹ lè gbé ibikíbi, abala 43 ní ẹ lè ra ilẹ̀ àti ilé. Gómìnà kankan kò lè ní kí ẹ má wá. Ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ̀ pé ohun tó wà nínú ìwé yàtọ̀ sí ohun tí landlord máa sọ fún yín.

Àwa tí a wà ní Kakuri gan-an la máa ń ṣe àṣìṣe jù. À ń gbé nínú ìpínlẹ̀ Sharia, ṣùgbọ́n a kì í rántí. Ẹ̀jẹ̀ ló fa ìyẹn. Ní ọjọ́ 21 oṣù kejì ọdún 2000 ni rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Kaduna lórí Sharia, ó tún bẹ́ ní oṣù karùn-ún ọdún náà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ Kristẹni tó wà ní Tudun Wada àti Rigasa sá wá sí ìhà gúúsù odò, Kakuri, Barnawa, Sabon Tasha, tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ìhà ibí náà sì ré odò kọjá sí àríwá. Gómìnà Ahmed Makarfi wá dá ọgbọ́n kan: ilé ẹjọ́ Sharia fún Mùsùlùmí, ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀ fún àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí. Ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2001. Ìdí nìyẹn tí ilé ọtí fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé aládùúgbò mi. Àní ilé iṣẹ́ Nigerian Breweries tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Kaduna ní 1963, Kakuri wa yìí náà ló wà. Ẹni tó bá fi Sharia tó mọ̀ ní Kakuri wọn ti Kano, ó ti ṣìnà.

Kano yàtọ̀. Láti 2003, nígbà Gómìnà Ibrahim Shekarau, ni òfin ti gbé Hisbah kalẹ̀ níbẹ̀. Wọn kì í gbé ìbọn, ṣùgbọ́n ojú wọn wà káàkiri. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2013 wọ́n fọ́ ìgò ọtí bíi 240,000 ní gbangba. Nígbà tí wọ́n bá dá ọkọ̀ ẹlẹ́rù dúró, wọn kì í bèèrè bóyá Kristẹni ló ni ọtí inú rẹ̀. Ní 2005, wọ́n ní kí obìnrin má gun achaba mọ́, ìyẹn ọ̀kadà. Ní 2021, wọ́n ní kí àwọn tó ń ta aṣọ má lo ère tí wọ́n ń fi aṣọ wọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ wo èyí dáadáa, ẹ̀yin aránṣọ àti ẹ̀yin tó ń ta aṣọ òkèèrè. Ọ̀rọ̀ ọtí tàbí gígé ọwọ́ kọ́ lèyí. Ọ̀nà tí ẹ ń gbà pa oúnjẹ òòjọ́ ni wọ́n ń sọ.

Síbẹ̀, Yorùbá ti pẹ́ ní Kano ju òyìnbó lọ. Àdúgbò Ayagi wà nínú ìlú àtijọ́, Mùsùlùmí Yorùbá ló tẹ̀ ẹ́ dó nígbà òwò obì, àwọn ọmọ wọn sì ti di Hausa pátá. Sabon Gari ni tiwa tí a dé lẹ́yìn, nígbà rélùwéè. Ìgbésí ayé Sabon Gari kò jọ ti Ayagi rárá. Nítorí náà, ẹni tó bá ní "Kano ni mò ń lọ" kò tíì sọ nǹkan kan. Tó bá jẹ́ Sabon Gari ni aládùúgbò mi fẹ́ gbé, ilé ọtí tó ń sá fún náà ló máa tún bá níbẹ̀. Tó bá jẹ́ àárín àwọn Hausa ló fẹ́, kí ó bi ìyàwó rẹ̀ pé ibo ni yóò ti máa lọ jọ́sìn ní ọjọ́ Ìsinmi, àti pé ìrìn náà tó mélòó.

Gusau náà ní Yorùbá tó pọ̀. Wọ́n ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí rélùwéè Kaura Namoda ti parí ní 1929. Ṣùgbọ́n ní Zamfara àti apá kan Katsina lónìí, ọ̀nà ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè, kí ẹ tó bèèrè Sharia. Àwọn ajínigbé kì í béèrè ẹ̀sìn.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ogún. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà, torí òun ni ẹnikẹ́ni kì í bèèrè.

Ká ní Mùsùlùmí kan kú, àwọn òbí rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀, ó fi mílíọ̀nù mẹ́jọ náírà sílẹ̀, ó ní ìyàwó kan, ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan, Mùsùlùmí sì ni gbogbo wọn. Nínú Sharia, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni ti ìyàwó: mílíọ̀nù kan. Mílíọ̀nù méje tó kù, ọmọkùnrin gba ìlọ́po méjì ti ọmọbìnrin. Àwọn kan á ní ó fi ìyà jẹ obìnrin. Ṣùgbọ́n ẹ rántí àṣà tiwa náà: yálà ìdí igi la fi pín in tàbí orí-ò-jorí, ìyàwó kò ní ìpín kankan lórúkọ ara rẹ̀ nínú ohun tí ọkọ fi sílẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló máa jogún. Ìyàwó Mùsùlùmí tí kò bímọ, ìdá mẹ́rin ogún ọkọ ni Sharia fún un tí ọkọ náà kò bá bímọ kankan. Ní ilé wa, àwọn ẹbí lè ní kí ó kó ẹrù rẹ̀. Nítorí náà, mi ò bá àwọn tó ń pe òfin yìí ní òfin burúkú pohùn. Opó kan wà tí mo mọ̀ tí ó ṣọpẹ́ pé ilé ẹjọ́ Sharia wà.

Ṣùgbọ́n ẹ wá fi ilé aládùúgbò mi sí i. Ìyàwó rẹ̀ jẹ́ Kristẹni, ọmọbìnrin rẹ̀ jẹ́ Kristẹni. Nínú Sharia, ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí kò lè jogún Mùsùlùmí. Ìyàwó: òdo. Ọmọbìnrin: òdo. Ọmọkùnrin nìkan ni yóò kó mílíọ̀nù mẹ́jọ. Bí ìyàwó àti ọmọbìnrin bá tilẹ̀ sunkún títí, adájọ́ ò ní lè ṣe nǹkan kan, torí bí òfin ṣe rí nìyẹn. Ní ọwọ́ àṣà Yorùbá, a kì í bi ọmọ pé ṣọ́ọ̀ṣì wo lo ń lọ kí a tó fún un ní yàrá nínú ilé bàbá rẹ̀.

"Ṣebí mo lè kọ wíìlì?" Ohun tó kọ́kọ́ sọ nìyẹn nígbà tí mo ṣàlàyé fún un. Ọ̀rọ̀ yẹn ti dé ilé ẹjọ́ rí. Nínú ẹjọ́ Adesubokan àti Yinusa, ilé ẹjọ́ òkè Ọya kọ́kọ́ ní Mùsùlùmí kò lè fi wíìlì yí ìpín Sharia padà. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní 1971 ní ó lè ṣe é. Lẹ́yìn náà ni àwọn ìpínlẹ̀ òkè Ọya kan wá ṣe òfin wíìlì tiwọn, tí wọ́n yọ ẹni tó bá wà lábẹ́ òfin Mùsùlùmí sílẹ̀. Ní Kwara, nínú ẹjọ́ Ajibaiye ní 2007, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá a pé wíìlì irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ tako Sharia. Yorùbá ni gbogbo orúkọ wọ̀nyí, ẹ ò rí i?

Ọ̀nà méjì ni Sharia fúnra rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Èèyàn lè fi ìdá kan nínú mẹ́ta ohun ìní rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí kò sí lára àwọn tó máa jogún, ìyàwó tí kì í ṣe Mùsùlùmí sì wà lára wọn. Ìkejì, ó lè ta á lọ́rẹ nígbà tó wà láàyè, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọrẹ tòótọ́: kí ìwé wà lórúkọ ẹni náà, kí ó sì gbà á sọ́wọ́ kí olówó tó kú. Ẹni tó bá ní "lẹ́yìn ikú mi ni kí o gbà á", kò tíì ta nǹkan lọ́rẹ. Ẹ wá lọ́yà tó mọ òfin ìpínlẹ̀ tí ẹ ń lọ, kì í ṣe ti ibi tí ẹ ti ń bọ̀.

Kí n má tan yín, èyí lè ṣẹlẹ̀ ní Kaduna níbí náà bí àbúrò olóògbé bá gbé ẹjọ́ lọ sí ilé ẹjọ́ Sharia. Ṣùgbọ́n ní ìhà tiwa lódò yìí, ilé la ti máa ń parí rẹ̀.

Lórí ẹ̀sùn ọ̀daràn, òfin ní Kristẹni kò sí lábẹ́ ilé ẹjọ́ Sharia àfi tó bá fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má fọwọ́ sí ìwé tí ẹ ò kà. Mùsùlùmí Yorùbá ni ó kàn tààrà, kò sì lè ní òun ò bá wọn ṣe. Ẹni tí wọ́n bá dá lẹ́bi lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn: ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2003, ilé ẹjọ́ Sharia tó ga ní Katsina ló fagi lé ìdájọ́ ikú tí wọ́n dá fún Amina Lawal. Ohun tí kò ní kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ni àwọn èèyàn tó bá bínú ní ìgboro. Wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin kan ní Sokoto ní oṣù karùn-ún ọdún 2022 lórí ọ̀rọ̀ tó sọ nínú ẹgbẹ́ WhatsApp kíláàsì wọn. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín pé àríyànjiyàn ẹ̀sìn tí a máa ń fi ṣeré ní ìlú wa, wọn kì í fi ṣeré níbẹ̀.

Ní ti ilé ìwé, ẹ bèèrè bóyá olùkọ́ ẹ̀kọ́ Bíbélì wà ní ilé ìwé ìjọba tó wà nítòsí. Ẹ mọ̀ pé ní oṣù ààwẹ̀ 2025, Kano, Katsina, Bauchi àti Kebbi ti ilé ìwé pa. Bóyá ẹ fẹ́ ìyẹn, bóyá ẹ ò fẹ́. Owó ilé ẹ̀kọ́ gíga ìpínlẹ̀ sì máa ń wọ́n fún ẹni tí kò ní ìwé ọmọ ìlú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i. Ìyẹn ò ní ẹ̀sìn nínú. Mùsùlùmí Yorùbá rò pé ìrun máa gba òun níbẹ̀. Rárá o, "Bayarabe" ni wọ́n máa pè é.

Aládùúgbò mi lọ sí Kano fún ọjọ́ mẹ́rin, ó mú ìyàwó rẹ̀ dání. Mo ní kí wọ́n lọ kí olórí àwọn Yorùbá ibẹ̀ kí wọ́n tó wo ilé kankan. Wọ́n ti dé. Ọkọ ní òun fẹ́ràn ibẹ̀, ó ní ọmọ òun á rí ẹ̀kọ́ Kùránì gidi. Ìyàwó kò bá a jà. Ó kàn bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú mi pé ilẹ̀ tí wọ́n jọ rà ní Gonin Gora, orúkọ ta ló wà nínú ìwé rẹ̀. Ọkọ ní orúkọ òun ni. Obìnrin náà ní, "Ó dáa, bàbá. Ẹ yí i sí orúkọ èmi àti ọmọ wa obìnrin, kí n máa di ẹrù." Ọjọ́ Tọ́sìdeè ni wọ́n ní kí àwọn rí lọ́yà.