Ìgbà Wo Ni Mọ́tò Yín Ń Fà? Ìwé Ìlàlóye fún Àwọn Awakọ̀ Ìlàjẹ

Bí mọ́tò bá ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu awakọ̀ ni pé, "Àláìmẹ́ǹtì ló ń bèèrè." Àláìmẹ́ǹtì dára, ìwé yìí kò bá a jà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tó ṣáájú rẹ̀, tí kò sì ná ènìyàn ní kọ́bọ̀, tí a fẹ́ kí ẹ̀yin tó ń gbé èrò àti ẹja láti Igbókòdá lọ sí Òkìtìpupa àti Òrè máa bi ara yín: ìgbà wo ni mọ́tò náà ń fà? Mọ́tò tó ń fà ní gbogbo ìgbà, yálà ẹ tẹ iná tàbí ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò, àìsàn tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti èyí tó jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá tẹ iná nìkan ni sìtíárì ń fẹ́ já gbà lọ́wọ́ yín. Èyí tó jẹ́ pé orí bíréèkì ló ti ń fà, ọ̀tọ̀ tún ni. Ẹni tó bá kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ síbi àláìmẹ́ǹtì, ẹyọ kan ṣoṣo ló ṣeé ṣe kó rí ìwòsàn níbẹ̀. Owó méjì yòókù ti wọgbó.

Àwọn ará Ìlàjẹ ti mọ ọ̀rọ̀ yìí lórí omi. Ẹ wo atukọ̀ tó jókòó sí ìdí ọkọ̀ fíbà, tó di ọwọ́ ẹ́ńjìnnì Yamaha mú. Bó ṣe ń fún un níná, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ ẹ́ńjìnnì náà ń tì sí ẹ̀gbẹ́ kan, apá rẹ̀ ló sì fi ń dá a dúró. Bó bá dín iná kù, ọwọ́ náà á rọ̀. Kò sí atukọ̀ tó máa rí èyí kó ní ọkọ̀ òun ti wọ́. Ó mọ̀ pé bí pùrọ̀pẹ́là ṣe ń fi agbára yí nínú omi ló ń dá ipá padà sí òun lápá. Àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi so irin pẹlẹbẹ kékeré kan, tó dà bí lẹbẹ ẹja, sí òkè pùrọ̀pẹ́là. Bí ọkọ̀ bá ń yà sósì, a ó tú bóòtì rẹ̀, a ó yí ìrù lẹbẹ náà sósì; bó bá ń yà sọ́tùn-ún, a ó yí i sọ́tùn-ún. Ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní torque steer nínú mọ́tò, ọmọ ìyá èyí ni. Agbára tó ń yí táyà náà ló ń ti sìtíárì. Nínú ìwé yìí a ó máa pè é ní ìfà orí iná.

Ìran awakọ̀ tó kọ́ṣẹ́ lórí Peugeot 504, tí ilé iṣẹ́ Kaduna tó ṣí ní 1975 tò fún Nàìjíríà, kò bá a pàdé. Táyà ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì 504 ń yí; ti iwájú kò níṣẹ́ ju kó darí lọ. Mọ́tò tó gba ojú ọ̀nà lónìí kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Láti 1974 tí Golf ti jáde ni táyà iwájú rẹ̀ ti ń fà á. Toyota sọ Camry di bẹ́ẹ̀ ní 1982, ó sì ṣe púpọ̀ nínú Corolla bẹ́ẹ̀ ní 1983. Nínú àwọn mọ́tò wọ̀nyí, ẹ́ńjìnnì dùbúlẹ̀ ní ìbú, gíábọ́ọ̀sì sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Dante Giacosa ti ilé iṣẹ́ Fiat ló fi irú ètò yìí sínú Autobianchi Primula ní 1964, ayé sì tẹ̀lé e, torí ó fi àyè sílẹ̀ fún èrò. Àbùkù rẹ̀ ni pé ojú ibi tí agbára ti ń jáde kì í sí ní àárín gbùngbùn mọ́tò. Ṣáàfù tó lọ sí táyà kan á kúrú, èkejì á gùn. Èyí tó gùn máa ń lọ́ díẹ̀ bí okùn kó tó gbé agbára dé táyà, igun tí méjèèjì fi dorí kọ táyà kò sì bára mu. Bí ẹ bá tẹ iná lójijì, imú mọ́tò á gbé sókè, àwọn igun náà á tún yí padà, táyà kan á sì ti sìtíárì ju èkejì lọ. Àwọn ilé iṣẹ́ kan wá gé ṣáàfù gígùn náà sí méjì, wọ́n fi bíárìn gbé èyí tó wà nínú mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, kí àwọn tó wà lóde lè gùn dọ́gba. Ìfà náà dín kù gan-an.

Nítorí náà, bí mọ́tò tó lágbára bá fà díẹ̀ nígbà tí a tẹ iná púpọ̀ lójijì, tó sì dáwọ́ dúró ní kété tí a gbé ẹsẹ̀ kúrò, bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn. Ohun tó yẹ kó kọ wá lóminú ni ìfà tí kò sí tẹ́lẹ̀ tó wá bẹ̀rẹ̀, tàbí èyí tó ń pọ̀ sí i. Ẹ wo bọ́ṣì, rọ́bà tó wà níbi tí apá ìsàlẹ̀ ti so mọ́ ara mọ́tò. Bó bá ti gbó, gbogbo ìgbà tí táyà bá fà mọ́tò síwájú, apá náà á sún díẹ̀. Bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, á padà sáyè rẹ̀. Igun táyà ń yí padà bí ẹ ṣe ń lọ. Síìtì ẹ́ńjìnnì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: bó bá ti já, ẹ́ńjìnnì á máa fò, igun ṣáàfù á sì máa fò pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀yin náà á rí i pé kò sí ẹ̀rọ àláìmẹ́ǹtì tó lè rí àìsàn yìí dáadáa, torí mọ́tò dúró jẹ́ẹ́ nígbà tí wọ́n ń wọ̀n ọ́n. Orí ìdúró ni àláìmẹ́ǹtì ti ń ṣiṣẹ́. Orí ìrìn ni àìsàn yìí ti ń farahàn. Ibi tí ọ̀rọ̀ wa fì sí gan-an nìyí.

Táyà tí kò bára mu wà lára ohun tó ń fa ìfà orí iná pẹ̀lú, àwa ní etíkun yìí sì ń fojú kéré rẹ̀. Díférẹ́ńṣà inú gíábọ́ọ̀sì lásán máa ń pín agbára ìyípo sí táyà méjèèjì lọ́gbọọgba. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá kéré ju èkejì lọ, nítorí pé nọ́ńbà wọn yàtọ̀ tàbí pé ọ̀kan ti jẹ tán tí èkejì ṣì tuntun, èyí tó kéré á fi ipá tó pọ̀ jù lọ tẹlẹ̀, imú mọ́tò á sì yà sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹni tó ra tòkúnbọ̀ kan fún ẹsẹ̀ ọ̀tún nítorí pé òun nìkan ló bẹ́, tó fi ògbólógbòó sílẹ̀ lósì, ti ra ìfà orí iná mọ́ ọn. Ẹ máa ra táyà iwájú ní méjì-méjì, kí ẹ sì wo nọ́ńbà mẹ́rin tó wà ní òpin ohun tí wọ́n tẹ̀ lẹ́yìn lẹ́tà DOT lára rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é.

Kí wá ni àláìmẹ́ǹtì fúnra rẹ̀ ń ṣe? Igun mẹ́ta ló ń wò. Àkọ́kọ́ ni bí imú táyà méjèèjì ṣe sún mọ́ra tàbí yà síra, bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń rìn. Ìkejì ni bí orí táyà ṣe fì sínú tàbí síta. Ìkẹta ni bí òpó tí táyà ń yí lé lórí ṣe fì sẹ́yìn, bíi fọ́ọ̀kì kẹ̀kẹ́. Òun ló ń jẹ́ kí sìtíárì padà sáyè lẹ́yìn kọ́nà. Ìkejì àti ìkẹta ni wọ́n ń fa mọ́tò sí ẹ̀gbẹ́ bí ọ̀tún àti òsì kò bá dọ́gba. Àkọ́kọ́ kì í sábà fà á. Táyà ló ń jẹ, sìtíárì ló sì ń mú wọ́. Bó ṣe ń jẹ táyà náà kò pamọ́ fún ẹni tó bá mọ ìṣirò. Bí iwájú táyà méjèèjì bá fi mílímítà 3 péré sún mọ́ra ju bó ṣe yẹ lọ, tí táyà náà ga tó mílímítà 600, ọ̀kọ̀ọ̀kan ti yà ní mílímítà 1.5, ìyẹn mítà 2.5 nínú kìlómítà kan. Nínú ìrìn kìlómítà 100, ó dà bí ẹni pé ẹ fi ẹ̀gbẹ́ wọ́ táyà náà lórí ọ̀dà fún mítà 250. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ pa táyà láti inú bọ̀ síta, lẹ́yìn náà láti ìta bọ̀ sínú. Bó bá ń dán lápá kan, tó sì ń gún yín bí eyín ayùn lápá kejì, ohun tí ẹ ń fọwọ́ kàn nìyẹn.

Àwọn kan á ní okùn ni àwọn ọ̀gá mekáníìkì àtijọ́ fi ń ṣe àláìmẹ́ǹtì, mọ́tò wọn sì ń lọ gbọnrangandan. Òótọ́ ni. Okùn tí a ta dáadáa lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, lè sọ bí imú táyà ṣe wà, a kò sì gbọdọ̀ fi ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n okùn kò lè sọ bí orí táyà ṣe fì, kò sì mọ nǹkan kan nípa òpó tó fì sẹ́yìn. Àwọn mìíràn á ní ọ̀nà wa kún fún kòtò, kí ni èrè títún ohun tí kòtò kejì máa bàjẹ́? Ohun tó yè ní abẹ́ mọ́tò kì í ṣí nípò nítorí gbogbo kòtò. Èyí tó ti gbó ló ń ṣí. Ẹni tó bá pààrọ̀ bọ́ṣì, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì àti táì-rọ́ọ̀dù tó ti gbó kó tó lọ síbi àláìmẹ́ǹtì, iṣẹ́ rẹ̀ á pẹ́. Ẹni tó bá ṣe àláìmẹ́ǹtì lórí ohun tó ń mì, kòtò àkọ́kọ́ ló máa gba owó rẹ̀, kòtò náà kọ́ ló sì jẹ̀bi. Ọ̀rọ̀ àwọn tó máa ní kò sí owó ló wúwo jù, a kò sì lè fi ẹnu lásán yọ ọ́ kúrò. Ìdí tí a fi ń tẹnu mọ́ ètò gan-an nìyẹn: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò náwó.

Atẹ́gùn táyà lẹ kọ́kọ́ máa wọ̀n, ní òwúrọ̀ kí mọ́tò tó gbóná, ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀. Iṣẹ́ fọ́káńáísà nìyẹn. Ẹ wá wà á lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, níbi tí kò sí ọkọ̀ mìíràn. Ẹ rántí pé wọ́n máa ń gbé àárín ọ̀nà ga kí òjò lè ṣàn, àti pé ọ̀tún ni a ń gbà láti ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin 1972. Mọ́tò tó rọra ń ṣẹ́ sọ́tùn-ún lójú pópó, ó lè jẹ́ ìdagẹ̀rẹ̀ ọ̀nà ló ń tẹ̀lé. Bó bá ń fà ní gbogbo ìgbà, ẹ pààrọ̀ táyà iwájú ọ̀tún sí òsì, ti òsì sí ọ̀tún, bí kò bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n fi ọfà ìyípo sí lára. Bí ìfà náà bá yí ẹ̀gbẹ́ padà, táyà ló ni ẹjọ́. Bó bá jẹ́ orí bíréèkì, ẹ wá bíréèkì tó há. Irin táyà ibẹ̀ á máa gbóná ju ti èkejì lọ. Bó bá jẹ́ orí iná nìkan, ẹ ní kí mekáníìkì wo bọ́ṣì, síìtì ẹ́ńjìnnì àti ṣáàfù. Kó gbé ẹsẹ̀ iwájú lé jáàkì, kó fi òpó irin gbè é kó má baà já, kó wá di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀ kó mì ín: bó bá ń dún kọ̀-kọ̀, kó wo bọ́ọ̀lù jọ́ìntì àti bíárìn táyà. Kó dì í mú lọ́tùn-ún àti lósì: èyí tó bá dún níbẹ̀ sábà máa ń jẹ́ táì-rọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni àláìmẹ́ǹtì tó kàn.

Ọ̀rọ̀ iyọ̀ kò gbọdọ̀ gbẹ́yìn fún wa. Atẹ́gùn òkun àti omi iyọ̀ tó ń bo ọ̀nà máa ń mú kí nọ́ọ̀tì táì-rọ́ọ̀dù dípẹtà, ara ibi tí wọ́n ti ń yí àláìmẹ́ǹtì gan-an. Nọ́ọ̀tì tó ti há kò ṣeé yí, ẹni tó bá sì fi iná jó o kó lè rọ̀ lè ba rọ́bà tó wà nítòsí jẹ́. Bí ẹ bá ti gba inú omi iyọ̀ kọjá, ẹ fi omi tí kò níyọ̀ fọ abẹ́ mọ́tò lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì máa fi gírísì pa ojú nọ́ọ̀tì náà.

Ẹ̀yin awakọ̀ wa, bí mọ́tò bá bẹ̀rẹ̀ sí í fà lójijì, tí ẹ sì ń gbọ́ kọ̀-kọ̀ nísàlẹ̀ nígbà tí ẹ bá yí sìtíárì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ já èrò sílẹ̀, ẹ má ṣe wà á dé ilé. Táì-rọ́ọ̀dù tó bá yọ lẹ́nu ìrìn, táyà rẹ̀ kò gbọ́ ti sìtíárì mọ́, irà àti omi ló sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pọ̀ ọ̀nà wa.