Kí Ló Ń Jẹ Bátìrì Mọ́tò Tó Wà Lójú Kan?

 

Ẹ ò ní tíì gbàgbé alẹ́ ọjọ́ tí a wọlé ní sáà yìí, tí ọmọ JSS 2 kan nínú họ́sítẹ́lì wa kò lè mí dáadáa mọ́. A gbé e sẹ́yìn mọ́tò hausmásítà wa, wọ́n tẹ bọ́tìnnì, àmọ́ mọ́tò kọ̀, kò ṣiṣẹ́. Oríṣiríṣi iná ń ṣẹ́jú lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ìdí ẹ́ńjìnnì ń dún "ta-ta-ta-ta". A ní ká tì í. Wọ́n ní, "Ẹ má wulẹ̀ dá ara yín lágara, jíà ọ́tò ni. A kì í ti ọ́tò kó ṣiṣẹ́." Ó tó ogún ìṣẹ́jú kí mọ́tò míì tó wá gbé ọmọ náà lọ sílé ìwòsàn. A dúpẹ́ pé ara rẹ̀ ti yá. Ṣùgbọ́n ogún ìṣẹ́jú yẹn gùn lójú gbogbo wa.

Lọ́jọ́ kejì, ẹni àkọ́kọ́ tó wo mọ́tò náà ní brain box ló kú, pé owó ńlá ni. Ríwáyà tó wá lẹ́yìn rẹ̀ kò tíì sọ nǹkan kan tó fi fa mítà yọ. Ó fi kan orí bátìrì méjèèjì, mítà ka 11.4 volt. Ló bá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Tíṣà, brain box yín ò kú o. Ebi ló ń pa á." Wọ́n gba iná sí bátìrì náà di ọjọ́ kejì, mọ́tò ṣiṣẹ́. Mo tẹ̀ lé ríwáyà yìí lẹ́yìn títí ó fi ṣàlàyé fún mi. Ohun tí mo gbọ́ nìyí.

Bátìrì mọ́tò ní yàrá mẹ́fà nínú, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú bíi 2.1 volt wá. Tí bátìrì bá kún, tí mọ́tò sì ti sinmi fún wákàtí mélòó kan, mítà máa ka bíi 12.6. Tó bá ka 12.2, ó ti jẹ tó ìdajì. Tó bá ti wálẹ̀ ju 12 lọ, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ nìyẹn. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, alternator ló ń dá iná padà sínú rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ mọ́tò, mítà máa ka láàárín 13.8 sí 14.5 lásìkò náà. Tó bá dúró sí 12 nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, alternator ni kí ẹ lọ yẹ̀ wò.

Àwọn mọ́tò àtijọ́, tí ẹ bá ti pa wọ́n, wọ́n sùn fọnfọn. Mọ́tò tòde òní kì í sùn bẹ́ẹ̀. Aláàmù ń ṣọ́ ilẹ̀kùn, lọ́ọ̀kù ń retí rìmóòtù, aago ń ka àkókò. Brain box inú rẹ̀ sì pọ̀, wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí wáyà tí wọ́n ń pè ní CAN, èyí tí ilé iṣẹ́ Bosch ti Jámánì gbé jáde ní 1986. Tí ẹ bá ti lọ́ọ̀kù mọ́tò, wọ́n á máa sùn níkọ̀ọ̀kan, títí ohun tí gbogbo wọn ń jẹ kò fi ní ju bíi 50 milliamp lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. 50 milliamp jẹ́ 0.05 amp. Ní wákàtí 24, ó ti jẹ amp-wákàtí 1.2. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la fi sinmi, ìyẹn ọjọ́ 42. Ẹ sọ 1.2 di ìlọ́po 42, ó di 50.4. Bátìrì hausmásítà wa ńkọ́? 60 ni wọ́n kọ sí i lára! Ṣé ẹ rí i báyìí? Nǹkan kan ò bàjẹ́ lára mọ́tò náà. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Tí nǹkan bá wá bàjẹ́, ó tún yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gílóòbù watt 5 tí kò kú nínú búùtù ń jẹ bíi amp-wákàtí 10 lójúmọ́. Kò ní lò tó ọ̀sẹ̀ kan tí bátìrì 60 máa fi gbẹ. Ilẹ̀kùn tí kò pa dé dáadáa, rìmóòtù tí a gbé sí tòsí mọ́tò, tàbí tracker tí wọn ò so wáyà rẹ̀ dáadáa, gbogbo wọn lè má jẹ́ kí brain box sùn. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ooru oṣù Kẹta àti Kẹrin lókè Ọya níbí náà ń gbẹ omi bátìrì, ó sì ń dín ẹ̀mí rẹ̀ kù.

Kí ló dé tí gbogbo iná dáṣíbọ́ọ̀dù fi tàn nígbà náà? Nígbà tí a bá fẹ́ ta ẹ́ńjìnnì jí, ó ń fa iná tó ju 100 amp lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bátìrì tí kò lókun, volt rẹ̀ á já wálẹ̀. Brain box tí kò rí iná tó á bẹ̀rẹ̀ sí í ké: ti bíréèkì á ké, ti sítíárì á ké. Ẹni tí kò mọ̀ á ní nǹkan márùn-ún ló bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wọn bátìrì, kí wọ́n wo orí rẹ̀ bóyá ó ti hu ìyẹ̀fun funfun, kí wọ́n tó dárúkọ brain box rárá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìwọ̀nyí sọ́kàn:

1. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Wọ́n máa ń fi dán alternator wò láyé àtijọ́. Lára mọ́tò tuntun, iná á ru sókè lójijì, ó sì lè pa brain box ní tòótọ́.

2. Tí ẹ bá fẹ́ fi bátìrì míì ta á jí, wáyà pupa lọ sí orí tó ní àmì àròpọ̀ lára bátìrì méjèèjì. Dúdú lọ sí orí kejì bátìrì tó dára. Ìdí dúdú tó kù, ẹ fi há irin ara ẹ́ńjìnnì mọ́tò tó kú, kó jìnnà sí bátìrì. Gáàsì tó ń jáde lára bátìrì lè bú gbàù tí iná bá ṣẹ́ sí i. Ẹ má ṣáná síbẹ̀ rárá.

3. Mọ́tò tó ń dá pa ẹ́ńjìnnì ní tráfíìkì, tó tún ń dá a tàn, ní irú bátìrì tirẹ̀, AGM tàbí EFB. Bátìrì lásán kì í pẹ́ lára rẹ̀.

4. Wáyà aláwọ̀ ọsàn inú mọ́tò háíbíríìdì, ẹ má fọwọ́ kàn án. Iná inú rẹ̀ lè ju 200 volt lọ, ó lè pààyàn.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa tí ẹ máa ń fi mọ́tò sílẹ̀ nínú ọgbà tí ìsinmi bá dé, ẹ ní kí ríwáyà yọ orí bátìrì tó ní àmì àyọkúrò kí ẹ tó lọ. Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ irin tó wà nínú rìmóòtù dání, torí rìmóòtù ò ní ṣí ilẹ̀kùn mọ́. Tí ẹ bá dé, ẹ dá a padà kílẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, iṣẹ́ tiwa ni láti rán wọn létí tí ìdánwò bá ti parí. A ò mọ alẹ́ tí a tún máa nílò mọ́tò o.