Jíjẹ tàbí Fífín: Bí Ásíìdì Ṣe Ń Yọ Awò sí Orí Fọ́nrán Dígí

Nínú okùn abẹ́ òkun tí ó gúnlẹ̀ sí Èkó, irú bíi MainOne ti ọdún 2010, fọ́nrán dígí ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ kiri. Ìbú fọ́nrán kan jẹ́ mìlímítà 0.125, àárín rẹ̀, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà, kò ju nǹkan bíi mìlímítà 0.009 lọ. Ìmọ́lẹ̀ tí ó ti inú lésà jáde a máa fẹ́ ju ẹnu tóóró yìí lọ, púpọ̀ nínú rẹ̀ a sì ṣòfò, àfi bí awò bá wà ní orí fọ́nrán láti kó o jọ. (Awò ni ó tọ́, kì í ṣe dígí, nítorí pé dígí ni fọ́nrán náà fúnra rẹ̀.) Ní ọdún 1982, Eisenstein àti Vitello kọ̀wé lórí bí wọ́n ṣe fi ásíìdì yọ irú awò bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wo ni olùtumọ̀ yóò lò fún iṣẹ́ ásíìdì yìí? “Fífín” kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn, ṣùgbọ́n ọwọ́ àti ọ̀bẹ ni ó ń fín igbá. Bí omi bátìrì bá ta sí aṣọ ní Bárígà, ohun tí wọn yóò wí ni pé ásíìdì ti jẹ ẹ́. “Jíjẹ” ni ọ̀rọ̀ náà.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé, tí Ṣómólú lókìkí fún, mọ irú rẹ̀ láti ayé lẹ́tà òjé. Ásíìdì ni wọ́n fi ń jẹ síǹkì tí àwòrán wà lára rẹ̀: ibi tí wọ́n bá bò a yọ sókè, ibi tí ó ṣí sílẹ̀ a jin. Fọ́nrán dígí kò nílò ìbòrí. Sílíkà ni èèpo rẹ̀. Jẹmáníọ́ọ̀mù wà nínú dígí àárín. Bí wọ́n bá tì í bọ inú àdàlù ásíìdì háídírófúlóríìkì àti àmóníọ́ọ̀mù fúlóráìdì, tí ìkejì sì pọ̀ tó, èèpo ni ó ń yára jẹ, àárín a sì yọ ṣóńṣó. Iná a wá yọ́ orí ṣóńṣó náà díẹ̀, a sì kó ara rẹ̀ jọ rógódó bí ẹ̀kán omi. Bí ó bá jẹ́ ásíìdì náà nìkan, àárín ni yóò yára jẹ, kòtò ni yóò sì kù. Nítorí náà, “ásíìdì jẹ dígí” kò tó. Olùkọ́ gbọ́dọ̀ sọ apá tí ó yára jẹ.

Orúkọ ásíìdì náà gba ìṣọ́ra jù. Omi bátìrì a máa ta ènìyàn, ara yóò sì tètè mọ̀. Háídírófúlóríìkì tí wọ́n là lómi lè má dunni fún wákàtí púpọ̀, síbẹ̀ yóò ti wọ inú ẹran ara lọ gbá kálísíọ́ọ̀mù mú, ó sì lè dá ọkàn dúró. Omi púpọ̀ lójú ẹsẹ̀, òògùn pípa kálísíọ́ọ̀mù glúkónéètì, àti ilé ìwòsàn láìdúró de ìrora ni ìtọ́jú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ka “ásíìdì” lásán yóò rò ó sí omi bátìrì. “Ásíìdì ajẹdígí” sàn jù: ó kìlọ̀, ó sì sọ ìdí tí inú ike ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀, tí kì í ṣe inú ìgò.