Owó Ilé Kì í Ṣe Iye Ilé: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìperí Ìdíyelé Ilé

Bí ènìyàn bá sọ ní Ìbàdàn tàbí ní Abẹ́òkúta pé owó ilé ti wọ́n, ohun tí olùgbọ́ yóò rò ni owó tí ayálégbé ń san fún onílé. Kò ní í rò ó sí owó tí a fi ra ilé tán pátápátá. Síbẹ̀, "owó ilé ti gòkè ní Lọ́ńdọ̀nù" ni gbólóhùn tí ó máa ń yá lẹ́nu jù fún ẹni tí ó bá ń túmọ̀ ìròyìn ọrọ̀-ajé láti inú ìwé ìròyìn ìlú Ọba. Ọmọ Yorùbá tí ó háyà yàrá ní Peckham yóò gbọ́ ọ bí ẹni pé onílé òun ń bọ̀ wá fi kún owó òun; èyí tí ó ń tu owó jọ láti ra ilé yóò gbọ́ ọ lọ́nà mìíràn. Kí owó ilé dúró sí ipò tí ó ti wà láti ayébáyé, kí a sì máa lo iye ilé fún ohun tí a fi ń ta ilé.

Ọ̀ràn náà kò tán síbẹ̀. Kóńgò gàrí kan kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èkejì. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ iye rẹ̀ lè dé ọjà Bódìjà láàárọ̀, kí ó sì padà débẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ilé kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé méjì tí ọwọ́ bíríkìlà kan náà kọ́ kò lè dúró sí ojú kan náà, ilé mìíràn sì lè wà fún ogún ọdún kí a tó tà á. Iye ilé tí ìwé ìròyìn ń gbé jáde lóṣooṣù, ẹnikẹ́ni kò rí i lójú ọjà. Ìṣirò ni ó bí i, ọ̀nà ìṣirò náà sì gbọ́dọ̀ hàn nínú ìperí tí a bá fún un.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó ń fa ìyàtọ̀ ni ìgbà tí a ka iye náà. Ní ìlú Ọba, iye-ìbéèrè, èyí tí ẹni tí ń ta ilé kọ síta, ni Rightmove ń ròyìn. Nationwide, tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ sẹ́yìn títí dé 1952, àti Halifax, tí ó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1983, ń ka iye náà nígbà tí àwọn fúnra wọn bá fọwọ́ sí ẹ̀yáwó afilédógò, èyí ni owó tí a yá láti fi ra ilé, tí ilé náà sì dúró bí ohun ìdógò. Ẹni tí ó fi owó àpò ara rẹ̀ ra ilé kò sí nínú ìṣirò àwọn méjèèjì. Atọ́ka ti ìjọba, tí a ń lò láti oṣù kẹfà 1986 kọ́, bí kò ṣe láti oṣù kẹfà 2016, ń dúró de iye-ìparí, nígbà tí títà bá ti parí tí a sì ti kọ ọ́ sínú ìwé ìjọba. Nítorí náà, nọ́ńbà mẹ́ta lè jáde ní oṣù kan ṣoṣo, kí wọ́n yàtọ̀ síra, kí èyíkéyìí nínú wọn má sì purọ́.

Ọ̀rọ̀ ìpíndọ́gba ni ó le jù. Kí a sọ pé ilé márùn-ún ni a tà ní àdúgbò kan lóṣù yìí: £200,000, £220,000, £250,000, £280,000 àti £1,550,000. Bí a bá ro wọ́n pọ̀ tí a sì pín in sí márùn-ún, £500,000 ni ìpíndọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ilé kan nínú wọn tí ó sún mọ́ iye náà. Bí a bá tò wọ́n láti orí èyí tí ó kéré jù dé orí èyí tí ó pọ̀ jù, èyí tí ó bọ́ sí àárín jẹ́ £250,000. Bí oṣù kejì bá wá dé, tí a ta irú ilé mẹ́rin àkọ́kọ́ ní iye kan náà, tí ilé karùn-ún sì jẹ́ £300,000, ìpíndọ́gba yóò di £250,000. Ìwé ìròyìn lè pariwo pé iye ilé ti já sí ìdajì, nígbà tí ó jẹ́ pé ilé ẹnikẹ́ni kò dín ní kọ́bọ̀. Iye àárín kò yẹsẹ̀ rárá.

Fún ìdí èyí, olùkọ́ tí ó bá fi ìpíndọ́gba túmọ̀ méjèèjì ti fọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lójú. Ìpíndọ́gba àti iye àárín ni kí a yà sọ́tọ̀. Ẹ̀kẹta tún wà, èyí tí atọ́ka ìjọba ìlú Ọba ń lò: a ó sọ àwọn iye náà di púpọ̀ mọ́ ara wọn dípò kí a rò wọ́n pọ̀, a ó sì wá gbòǹgbò rẹ̀. Fún ilé márùn-ún òkè yìí, ó tó nǹkan bí £343,000. Ìpíndọ́gba onísọdipúpọ̀ bá a mu, bí ó tilẹ̀ gùn lẹ́nu.

Àwọn onímọ̀ ti wá ọ̀nà láti fi ilé wé ara rẹ̀. Ní 1963, Bailey, Muth àti Nourse gbé ìlànà títà-lẹ́ẹ̀mejì kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà: ilé kan náà tí a tà ní ìgbà méjì ni a ó wò, ìyàtọ̀ iye méjèèjì ni a ó sì kà. Karl Case àti Robert Shiller mú un lò fún àwọn ìlú ńlá Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1980. Piet Eichholtz sì fi irú rẹ̀ tọpa àwọn ilé etí odò-àgbẹ́ Herengracht ní Amsterdam láti 1628 títí dé 1973, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1997. Àléébù rẹ̀ ni pé ilé titun tí a kò tíì tà lẹ́ẹ̀kejì kò sí nínú rẹ̀, ẹni tí ó sì fi yàrá méjì kún ilé rẹ̀ kí ó tó tà á lè da ìṣirò rú. Ìlànà kejì ni ìdíyelé alábùdá, tí ó ń wo iye yàrá, irú ilé àti àdúgbò, kí ó tó sọ ohun tí ó kan ọjà gan-an.

Atọ́ka fúnra rẹ̀ kì í ṣe owó. 100 tí Case-Shiller fi fún oṣù kìn-ín-ní 2000 kì í ṣe dọ́là ọgọ́rùn-ún. Ìbẹ̀rẹ̀ òṣùwọ̀n lásán ni.

Bí ilé £100,000 bá gòkè ní ìdá 10 nínú 100 lọ́dún kan, tí ó sì gòkè ní ìdá 4 lọ́dún kejì, ó ti di £110,000, ó sì di £114,400. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì yóò kọ ọ́ pé ìwọ̀n ìgòkè ti wálẹ̀. Ògbufọ̀ tí ó ń kánjú yóò kọ ọ́ pé iye ilé ti jábọ́. Ohun tí ó yẹ kí ó kọ ni pé iye ilé ṣì ń gòkè, ṣùgbọ́n eré rẹ̀ ti dínkù. Bákan náà, àkọ́ṣírò ni nọ́ńbà tí ìjọba kọ́kọ́ gbé jáde, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìwé títà ilé máa ń pẹ́ kí ó tó dé, pàápàá ti ilé titun. A sì ń tún un ṣe ní àwọn oṣù tí ó tẹ̀ lé e. Ìtumọ̀ tí ó bá yọ ọ̀rọ̀ àkọ́ṣírò sílẹ̀ ti sọ ju ohun tí àwọn oníṣirò sọ lọ.