Bátìrì ọkọ̀ tí ẹ kò lò: ẹ má gbé e sí yàrá tí ọmọ ń sùn

Tí òjò bá ti ba ọ̀nà jẹ́, ọkọ̀ ẹlòmíràn á dúró sójú kan fún oṣù méjì, oṣù mẹ́ta. Olówó rẹ̀ á tú bátìrì kúrò kí olè má baà gbé e lọ, á gbé e wọ yàrá, á tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àwọn mìíràn tiẹ̀ ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bídọ́nù kpayo! Èyí ló léwu jù.

Òjé àti omi ásíìdì ló wà nínú bátìrì. Tí a bá ń fi iná sí i, afẹ́fẹ́ kan máa ń jáde lára rẹ̀ tí Faransé ń pè ní hydrogène. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ṣùgbọ́n bó bá kó jọ sínú yàrá tó há, tó fi tó ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, iná ìṣáná lásán ti tó láti mú kó bú gbàù. Kpayo náà ń tú oru tó ń gbiná. Ẹni tó kó méjèèjì sínú yàrá kan, tó tún wá tan àtùpà síbẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ wò ó.

Tí ẹ bá fẹ́ tú u, okùn moins ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, kí ẹ tó tú plus. Ìdí ni pé moins ni wọ́n so mọ́ ara ọkọ̀. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti plus, tí irin tí ẹ fi ń tú nọ́ọ̀tì lọ kan ara ọkọ̀, iná á ta pàrà. Tí ẹ bá ń dá a padà, plus ló ń ṣáájú.

Ẹ nù ún kó gbẹ, ẹ gbé e dúró ṣánṣán sínú abọ́ pílásítíìkì, níbi tí òòrùn kò ti pa á, tí atẹ́gùn ń gbà, tí ọwọ́ ọmọdé kò tó. Àwọn kan ní sìmẹ́ńtì máa ń fa iná bátìrì gbẹ. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn, nígbà tí wọ́n ń fi igi ṣe àpótí rẹ̀. Abọ́ tí mo ní kí ẹ lò, torí kí ásíìdì má jẹ ilẹ̀ ilé yín ni.

Bátìrì tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn náà, iná rẹ̀ ń dínkù, ooru ilẹ̀ wa sì ń mú kó yá. Tó bá pẹ́ láìní iná, nǹkan funfun bí iyọ̀ á lẹ̀ mọ́ òjé inú rẹ̀, á le, kò ní gba iná dáadáa mọ́. Owó ti wọmi nìyẹn. Ẹ fi iná kún un kó tó sinmi, kí ẹ sì máa fi voltmètre wọ̀n ọ́n lóṣooṣù: 12,6 volt, ó kún, bó bá ti wá sí 12,4, ẹ tún fi iná sí i, ní ìta gbangba. Èyí tó ní ìdérí, eau distillée nìkan ni kí ẹ bù sí i, kì í ṣe omi kànga.

Bí ásíìdì bá ta sójú èèyàn, ẹ da omi mímọ́ sí i fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tó gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Èyí tó ti kú pátápátá ńkọ́? Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gàl, nígbà kan, àwọn èèyàn ń fọ́ bátìrì láti yọ òjé rẹ̀ tà, wọ́n sì ń jọ yẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ nínú àgbàlá ilé. Láti oṣù kọkànlá 2007 sí oṣù kẹta 2008, ọmọdé 18 ló kú níbẹ̀, májèlé òjé ni wọ́n rí lára àwọn ará àdúgbò náà. Nítorí náà ẹ má fọ́ ọ, ẹ má da omi inú rẹ̀ sílẹ̀, ẹ má tà á fún ẹni tó ń yọ́ òjé láàárín ilé. Ẹni tó bá fẹ́ ta tuntun fún yín, ẹ bi í bóyá ó ń gba èyí tó ti kú, kí ẹ gbé e lọ fún un lódindi.