Ẹ̀rọ Agégi Tó Ń Ṣiṣẹ́ Díẹ̀ Tó Ń Kú: Ẹ Yẹ̀ Ẹ́ Wò Kó Tó Tutù

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ la fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó náà ni.

Ọ̀kan nínú wa tó ń gé igi, tó sì ń ta pákó, wá bá ìgbìmọ̀ pé òun fẹ́ yá owó láti ra ẹ̀rọ agégi mìíràn. Ó ní èyí tó wà lọ́wọ́ òun ti di ogbólógbòó. Bí òun bá tan án, á ṣiṣẹ́ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á sì kú. Bó bá sinmi díẹ̀, á tún jí. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti pààrọ̀ kábúrétọ̀. A ní kó gbé e wá kó tan án níṣojú wa. Bó ṣe kú báyìí, a tú ìdérí táńkì epo díẹ̀, a gbọ́ "ṣííì", atẹ́gùn wọlé. Ó fa okùn lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rọ jí! Ihò kékeré tí atẹ́gùn ń gbà wọ táńkì ni ìdọ̀tí ti dí pa. Ìdérí tuntun ló rà, kì í ṣe ẹ̀rọ tuntun.

Ìdí tí a fi ń kọ èyí nìyẹn. Ẹ̀rọ tó kú pátápátá kì í tan ènìyàn jẹ. Èyí tó ń kú tó ń jí ló burú. Ó dà bí ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná lóru, tó jẹ́ pé kí a tó gbé e dé ọsibítù láàárọ̀, ó ti ń ṣeré. Kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ láti oko dé Bẹẹrẹ tàbí Ọjà'ba, ó ti tutù. Mẹkáníìkì fa okùn, ó jí. Kò rí àìsàn kankan, àfi kó máa méfò, owó yín ló sì ń fi méfò. Nítorí náà, ibi tó kú sí gan-an ni kí ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò, kó tó tutù.

Láti ọdún 1929 tí Andreas Stihl ti gbé ayùn tó ń lo pẹtiróòlù jáde ní Jámánì títí di òní, ohun mẹ́ta kan náà ni irú ẹ̀rọ yìí ń jẹ: epo, iná àti atẹ́gùn. Èyí tó bá wọ́n nínú wọn ló pa á. Bí ẹ ó ṣe wá a rèé, láti orí èyí tí owó rẹ̀ kéré jù.

Èkíní, ìdérí táńkì. Ẹ tú u díẹ̀, ẹ tún un dé, kí ẹ fa okùn. Bó bá jí lójú ẹsẹ̀ tó sì ń ṣiṣẹ́ lọ, ihò atẹ́gùn ló dí. Ẹ fọ̀ ọ́ tàbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe tìtorí èyí máa lo ẹ̀rọ pẹ̀lú ìdérí tó tú sílẹ̀ o. Bí epo bá dà sórí sàlẹ́ńsà tó gbóná, iná dé nìyẹn.

Èkejì, púlọ́ọ̀gì. Bí ẹ̀rọ bá kú, ẹ tú u, kí ẹ wo ẹnu rẹ̀. Bó bá gbẹ, epo ni kò dé ibẹ̀. Bó bá tutù fún epo, epo dé, iná ni kò ràn án, tàbí kí epo ti pọ̀ jù.

Ẹ̀kẹta, bí púlọ́ọ̀gì bá gbẹ. Ẹ bu epo táńkì sínú ìgò funfun, kí ẹ jẹ́ kó tòrò. Bí omi bá wà níbẹ̀, ìsàlẹ̀ ni yóò wà. Epo tó ti pẹ́ nílẹ̀ ju oṣù kan lọ kò dára mọ́. Ẹ fi wáyà tí ẹ tẹ̀ lórí fa asẹ́ inú táńkì jáde. Bó bá ti dúdú, tó ń yọ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ wo rọ́bà epo náà bóyá ó ti sán.

Ẹ̀kẹrin, bí púlọ́ọ̀gì bá tutù. Ẹ dé táńkì pa, ẹ nu epo tó dà nù, kí ẹ sì gbé ẹ̀rọ jìnnà sí kẹ́ẹ̀gì epo. Ẹ fi púlọ́ọ̀gì tuntun sí wáyà rẹ̀, ẹ fi ara rẹ̀ kan irin ẹ̀rọ, kó jìnnà sí ihò sìlíńdà, kí ẹ wá fa okùn. Bí iná kò bá ṣẹ́ nígbà tó gbóná, ṣùgbọ́n tó ń ṣẹ́ nígbà tó tutù, kọ́ìlì ló ń ṣàìsàn. Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ kan ṣì ní kọ́ńtáàtì àti kọ̀ńdẹ́nsà. Ẹ ní kí mẹkáníìkì wo ìwọ̀nyẹn pẹ̀lú.

Ẹ̀karùn-ún, ìdọ̀tí. Ẹ fọ asẹ́ atẹ́gùn. Ẹ ha ìyẹ̀fun igi kúrò láàárín abẹ́ irin tó ń jẹ́ kí sìlíńdà tutù. Ẹ wo ẹnu sàlẹ́ńsà bóyá èédú ti dí i. Ṣéènì tó bá ti kújú náà ń pa ẹ̀rọ: bó bá ń tú lẹ́búlẹ́bú dípò èèrún igi, ẹ pọ́n ọn.

Bí gbogbo èyí bá dára tó sì ń kú síbẹ̀, ìgbà yẹn lọ̀rọ̀ kan awọ pẹlẹbẹ inú kábúrétọ̀ tó lè ti gan, tàbí rọ́bà tó ń dí atẹ́gùn létí ọ̀pá ẹ̀rọ. Àmì kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ fojú fò: bí ohùn ẹ̀rọ bá ń ga gooro kó tó kú, epo ti kéré sí atẹ́gùn. Ẹ má ṣe fi agídí tan án mọ́. Pístọ́ọ̀nù lè jó mọ́ sìlíńdà, owó ńlá sì nìyẹn.

Ọ́ìlì táńkì kejì, ti ṣéènì nìkan ni. Ọ́ìlì tí a pò mọ́ epo ni ẹ́ńjìnnì fi ń para. Fún lítà 5 epo, mìlílítà 200 ni ìwọ̀n 25 sí 1 tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ ń lò. Mìlílítà 100 ni 50 sí 1, fún ọ́ìlì gidi tí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ fọwọ́ sí. Ohun tí ìwé ẹ̀rọ yín bá sọ ni kí ẹ tẹ̀lé.

Ọ̀rọ̀ yìí ju owó lọ o. Láti Mápó dé Bẹyẹrúnká, ilé fara kan ilé. Bí ìjì bá wó igi lé páànù, tí ẹ gé e dé ààbọ̀ tí ẹ̀rọ kú, igi yẹn ti di ọ̀tá. Ẹ má dúró sábẹ́ rẹ̀ máa fa okùn. Ẹ lé àwọn ọmọdé sẹ́yìn, ẹ fi okùn so igi náà, kí ẹ tó wo ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tó ń kú ní oko kò yẹ kó wọ ìgboro wá ṣiṣẹ́.

Ẹni tó bá tún wá yá owó ra ẹ̀rọ tuntun, ìbéèrè àkọ́kọ́ wa ni pé: nígbà tó kú, ṣé púlọ́ọ̀gì gbẹ ni àbí ó tutù? Owó tí a kò bá ná síbi tí kò yẹ, àjẹṣẹ́kù ni.